Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gé Kúrò

Iṣẹ́ réluwéè ni mo ṣe, títí ọkọ̀ ojú irin fi dẹ́kun rírìn. Téṣàn Datcha ni mo wà. Ilé mi kò jìnnà sí i títí dòní. Koríko ti bo irin, ewúrẹ́ sì ń sùn síbi tí èrò ti máa ń dúró.

Fóònù kan wà lára ògiri téṣàn nígbà náà. Òun la fi ń bá Anié àti Atakpamé sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n gé ohun tí kò bá mú ọkọ̀ rìn kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi. A kì í béèrè àlàáfíà ara ẹni lórí fóònù yẹn. "Ọkọ̀ ti kúrò ní Anié. Ọ̀nà ṣófo." Ó tán. Ọkọ̀ méjì kò pàdé lójú irin kan lọ́wọ́ mi rí.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni mo wá ń sọ̀rọ̀ nílé. Noëlle ìyàwó mi máa ń sọ pé téṣàn lòun fẹ́, pé ọkọ kọ́.

Àbdùlbàsìt ni ọ̀rẹ́ mi. Yorùbá ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Atakpamé ni wọ́n bí i sí. Aṣọ ló ń tà. Láyé ọkọ̀ ojú irin, ẹrù aṣọ rẹ̀ máa ń gba iwájú mi kọjá lọ sí ọjà Anié. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó lórí ẹrù náà. Kì í sọ̀ kalẹ̀, ì báà jẹ́ láti mu omi, kí wọ́n má baà jí i lẹ́rù. Èmi ni mo máa ń gbé omi lọ bá a. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ifẹ̀ tèmi, èdè àwa ará Datcha, àti Yorùbá tirẹ̀ kì í ṣe èdè kan náà, ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n. Ibi tí kò bá ti yé wa, a fi Faransé dí i.

Ìyàwó rẹ̀ kú, ọjọ́ ti pẹ́. Kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó gun zémì, ọ̀kadà tiwa, láti Atakpamé wá bá mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó sì wọ aṣọ Jímọ̀ọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Michel, mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́."

"Sí ta?"

"Sí Pascaline."

Opó ni Pascaline. Ará Datcha níbí ni, ọmọ ìjọ Kátólíìkì bíi tiwa. Iṣu ló ń gbìn, iṣu ló ń tà. Ní ọjà Anié, ibi tó ń pàtẹ iṣu sí kángun sí ibi tí Àbdùlbàsìt ń pàtẹ aṣọ sí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń jókòó bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ṣú, rọ́bà ńlá kan ni wọ́n jọ ń ta bo ọjà àwọn méjèèjì.

Sabrina ọmọ Pascaline wà ní Lomé. Ó ti ní kí ìyá òun máa bọ̀ wá bá òun gbé. Pascaline ti gbà. Sátidé yẹn ló ń lọ.

"Kí n ní kí ni?" mo bi Àbdùlbàsìt.

"Pé mo fẹ́ ẹ. Kó má lọ."

"Ní ọjọ́ orí yìí?"

"Ọjọ́ orí wo lo fẹ́ kí n lò? Èyí ni mo ní."

Lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà ọkùnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún obìnrin tó ti ní ọmọ àti ẹbí. Ó máa ń rán alárenà. Alárenà á lọ, á jókòó, á ka ìdí tó fi yẹ kí obìnrin náà gbà. Bí obìnrin bá kọ̀, alárenà ló kọ̀ fún. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì ṣì lè kí ara wọn lọ́jà.

Mo ní kó ka àwọn ìdí rẹ̀ fún mi. Ó kà wọ́n. Òun ló ni ilé tí òun ń gbé, kì í ṣe háyà. Omi ẹ̀rọ wà nínú àgbàlá. Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò ní di ìjà: òun á máa sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun á sì padà sílé. Àwọn ọmọ òun ti fọwọ́ sí i. Ìdí tó dára ni gbogbo wọn. Mo tò wọ́n sórí bí mo ti ń gbọ́ wọn.

Ó bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Sọ fún un pẹ̀lú," ó ní, "pé tí mo bá ń lọ kírun l'Anié, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń fi ẹrù sí. N kì í wẹ̀yìn wò. Níbi gbogbo tí mo ti tajà rí, mo máa ń wẹ̀yìn wò. Àfi ibẹ̀."

"Mo gbọ́."

"O ò ní gbàgbé?"

"N kì í gbàgbé iṣẹ́."

Òótọ́ ni. N kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé Pascaline, mo tún iṣẹ́ náà tò lọ́kàn, bí mo ti máa ń ṣe ní téṣàn. Mo gbé ọ̀rọ̀ ìrun àti ẹrù yẹn wò. Kò sọ nǹkan kan nípa ilé, tàbí oúnjẹ, tàbí ìlera. Bí nǹkan ṣe rí lọ́kàn ọkùnrin kan lásán ni. Kì í ṣe ìdí. Mo gé e kúrò.

Pascaline wà nínú abà iṣu rẹ̀. Ó ń ṣẹ́ èéhù. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iṣu inú abà á bẹ̀rẹ̀ sí hù. Bí wọn kò bá ṣẹ́ èéhù náà kúrò, á fa adùn iṣu tán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé iṣu yẹ̀ wò.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Gaël." Gaël ni ọmọ wa. "Ìyá Gaël ńkọ́?"

"Ó wà. Pascaline, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí ọ."

"Ta ló rán yín?"

"Àbdùlbàsìt."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí iṣu. Lẹ́yìn náà ó tún ń ṣẹ́ èéhù lọ.

Mo jókòó. Mo sọ ohun tí Àbdùlbàsìt fẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìdí.

"Òun ló ni ilé tó ń gbé."

"Sabrina náà ló ni tirẹ̀."

"Omi ẹ̀rọ wà nínú àgbàlá."

"Òun náà wà ní Lomé."

"Ilé ìwòsàn kò jìnnà."

"Ṣé ẹ rí i pé ara mi kò yá ni?"

"Kò ní dí ọ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Á máa sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ṣeun. Ní Lomé, ọmọ mi á bá mi wọlé."

Kò bínú. Ó ń gbé ìdí mi yẹ̀ wò bó ti ń gbé iṣu, ó ń yí i po, ó ń gbé e sílẹ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń ronú. N kò rí ibi tó ti ṣìnà.

Nígbà tí mo parí, kò gbé iṣu mìíràn.

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán."

"Wọn kò sọ nǹkan míì?"

"Gbogbo ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ju èéhù tó wà níbẹ̀ sí ewúrẹ́.

"Ìdí wọn dára," ó ní. "Tèmi náà dára. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé."

Ó fún mi ní iṣu kan fún Noëlle. Mo gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Atakpamé. Ṣọ́ọ̀bù Àbdùlbàsìt wà lórí òkè, lẹ́yìn ọjà. Orúnkún mi kò fẹ́ràn òkè yẹn. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Ó ń lọ," mo ní.

"Àlùhámdùlíláhì," ó ní.

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Etí rẹ̀ kò bára mu. Ó tú u, ó tún un ká. Kò tún bára mu. Láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti ń ká aṣọ.

"Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀?"

"Ó gbọ́ gbogbo ìdí rẹ."

"Ó dára. Bó bá gbọ́ tó sì ń lọ, ó dára."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mo ti jẹ́ iṣẹ́, wọ́n ti dáhùn, kò sí ohun tó kù. Ọ̀nà ṣófo. Síbẹ̀ mo ń tẹ́tí, bí ẹni pé ọkọ̀ kan wà tí n kò mọ ibi tó dé.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Noëlle se iṣu Pascaline. Iṣu náà dùn. N kò jẹ púpọ̀.

"Bàbá Gaël," ó ní, "ẹ sọ bí Àbdùlbàsìt ṣe rán yín. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀.

Ó gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe jẹ́ ẹ."

Mo sọ ọ́.

"Ti ìrun dà?"

"Mo gé e kúrò."

"Ẹ gé e kúrò?"

"Kì í ṣe ìdí, Noëlle."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Nígbà tí ẹ fẹ́ mi, kí ni ìdí yín?"

"O mọ iṣu sè."

"Ẹ kò tíì jẹ iṣu mi nígbà náà. Bàbá yín ti bá yín rí ọmọ olóko kọfí. Oko wọn tóbi ju ìlú yìí lọ. Ìdí kún ara ọmọ yẹn bí èso ṣe ń kún ara igi. Èmi ń ta iṣu sísè lójú fèrèsé ọkọ̀."

Mo ń yí àwo mi po.

"Ọjọ́ tí mo gbé àtẹ wọnú ọkọ̀ lọ bá oníbàárà, tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ta ló dá a dúró?"

"Màlúù wà lójú irin."

"Ọkọ̀ tó kún fún èrò! Ẹ dá a dúró, mo fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàtẹ-tàtẹ."

"Màlúù ni."

"Mo rí ojú irin yẹn láti ibi tí mo dúró dé ẹ̀yìn òkè. Màlúù kankan kò sí níbẹ̀."

"Màlúù wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá téṣàn." Ó gbé àwo mi. Ó dúró tì mí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹni tó ń tajà, ojú rẹ̀ ni ọlọ́dẹ rẹ̀. Àbdùlbàsìt kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrù rẹ̀ nítorí omi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ẹrù náà nítorí obìnrin kan. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kó sọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Pascaline ń dúró dè nìyẹn, ẹ sì jókòó lé e lórí."

Mo rò ó. Mo rántí bí Pascaline ṣe wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọkọ̀ á gbéra láàárọ̀," mo ní.

"Ẹ tètè sùn, nígbà náà."

Nígbà tí mo dé títì láàárọ̀, wọ́n ti di ẹrù sórí tásì. Prince ló ń wà á, ọmọ ìlú wa. Èrò ti kún. Pascaline wà lójú fèrèsé, ó gbé agbọ̀n lé itan. Prince ti ṣáná sí ọkọ̀.

N kò lè sáré. Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀.

Prince fun fèrè. "Bàbá, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

"Dúró."

"Ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni? Kò sáyè mọ́ o!"

"N kò lọ."

"Kí ló wá wà lójú ọ̀nà?"

"Màlúù," mo ní.

Prince yọrí síta. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. "Màlúù dà?"

Mo ti dé ojú fèrèsé.

"Bàbá Gaël, kí ló dé?" Pascaline ní. "Ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ló kù."

Gbogbo èrò inú ọkọ̀ kọjú sí mi. Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti sọ ọ́ nínú abà, níwájú ewúrẹ́ nìkan. Mo dì mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo sọ ọ́ bó ti sọ ọ́.

"Ó ní tí òun bá ń lọ kírun l'Anié, ọ̀dọ̀ rẹ lòun ń fi ẹrù sí. Òun kì í wẹ̀yìn wò. Níbi gbogbo tí òun ti tajà rí, òun máa ń wẹ̀yìn wò. Àfi ibẹ̀."

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ ní, "Háà." Prince pa ọkọ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Prince béèrè.

"Ó kàn ọ́?" obìnrin náà dá a lóhùn.

Pascaline ń wò mí. "Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́?"

"Lọ́jọ́ tó rán mi."

"Mo bi yín bóyá ó tán."

"Mo rò pé kì í ṣe ìdí."

Kò bú mi. Ó fọwọ́ pa ẹnu agbọ̀n rẹ̀ dé, ó tún ṣí i.

"Mo ti máa ń rí i," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo máa ń wò wọ́n títí wọ́n á fi yà sí mọ́sálásí. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn."

Ó kọjú síwájú.

"Prince, wa ọkọ̀ rẹ."

Wọ́n lọ. Mo dúró nínú eruku.

"Kí ló sọ?" Noëlle bi mí nílé.

"Ó ní kí Prince wa ọkọ̀."

Noëlle mú ìgbálẹ̀, ó tún gbá àgbàlá tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

N kò sọ fún Àbdùlbàsìt. Ó ti sin ìrètí rẹ̀ tán, n kò fẹ́ tún un hú.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà Anié pé, Noëlle ní iyọ̀ ti tán, pé kí á lọ rà á l'Anié. Iyọ̀ kò tán. Mo wọ bàtà mi.

Àbdùlbàsìt ti pàtẹ aṣọ rẹ̀. Ibi tí Pascaline máa ń jókòó ṣófo. Ọmọbìnrin kan gbé àgbàdo wá, ó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹni kan wà níbẹ̀, ọmọ mi," Àbdùlbàsìt ní.

"N kò rí ẹnikẹ́ni, Bàbá."

"Ó wà níbẹ̀."

Ọmọ náà wò ó, ó wo ilẹ̀ tó ṣófo, ó gbé àgbàdo rẹ̀ lọ. Èmi àti Noëlle jókòó. A kò ra iyọ̀.

Oòrùn ti gòkè nígbà tí Pascaline dé. Láti ojú títì ló ti ń bọ̀, eruku ọ̀nà Lomé wà lára gèlè rẹ̀. Agbọ̀n yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé iṣu kankan wá. Ó rìn wọ àárín wa, ó sì jókòó síbi iṣu rẹ̀, láìní iṣu.

"Ẹ kú ọjà o," ó ní.

Àbdùlbàsìt di ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ mú. "Ẹ kú àbọ̀. Lomé ńkọ́?"

"Ó wà. Ó gbóná."

Noëlle kò lè mú un mọ́ra. "Sabrina ńkọ́? Ó gbà?"

"Mo lọ kó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Mo ní iṣu mi ń hù nínú abà, pé kò sẹ́ni tó máa bá mi ṣẹ́ èéhù."

"Kí ló wí?"

"Ó wò mí lójú. Ó ní, 'Màmá, ṣé iṣu ni àbí ènìyàn?' Mo ní iṣu ni."

Noëlle fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ẹ gbọ́? Màlúù tirẹ̀ nìyẹn."

"Màlúù wo?" Pascaline béèrè.

"Bàbá Gaël mọ̀ ọ́n."

Pascaline kọjú sí mi. Àbdùlbàsìt jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ló kù kó kàn án. Ṣùgbọ́n alárenà ni mí, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbà.

"Bàbá Gaël, ẹ bá mi dá ẹni tó rán yín lóhùn. Ẹ ní mo gbọ́. Ẹ ní mo fẹ́ bá Fadá sọ̀rọ̀ ná, kí àwọn náà lọ rí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Datcha. Ẹ ní n kò ní fi oko mi sílẹ̀, a ó jọ wá bí a ó ṣe ṣe é. Ẹ ní ẹsẹ̀ kan ti ń mì lára àga tí wọ́n ń jókòó lé yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó, kí wọ́n tún un ṣe kó tó gbé wọn ṣubú. Ẹ má gé nǹkan kan kúrò o."

Mo kọjú sí Àbdùlbàsìt. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ń dúró dè mí. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Fadá, àwọn ẹ̀gbọ́n, oko, ẹsẹ̀ àga. N kò sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Noëlle ń ka ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí tíṣà.

Àbdùlbàsìt bojú wo ẹsẹ̀ àga. Ó fọwọ́ mì ín wò.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ó ń mì."

Ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹsẹ̀ àga náà.

Wọ́n pe ìrun. Ó dìde, ó mú kẹ́tùlù omi rẹ̀.

"Mò ń lọ kírun."

"Ẹ lọ," Pascaline ní. "Mo wà níbí."

Ó lọ. A jọ ń wò ó lọ, àwa mẹ́ta. Ó gba àárín àwọn àpò àgbàdo kọjá. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí mọ́sálásí. Ó dúró. Ó wẹ̀yìn wò.

Pascaline yẹ ìpàtẹ wò, láti etí kan dé èkejì. "Kí ni wọ́n ń wò? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan aṣọ wọn."

"Aṣọ kọ́," mo ní.